Iṣẹ́ Ìkànnì Ayélujára ní Ìyànà Ìbà: Àwọn Àṣà Tí Ń Sọ Ọmọṣẹ́ Di Ọ̀gá

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìyànà Ìbà, lójú ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ kún sí ni òun dé. Bí àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ kan ti ń ké pe èrò Ìgándò ni àwọn mìíràn ń ké pe èrò Òkòkómáíkò. Láàárín wọn ni àwọn aránṣọ, àwọn onídìrí, àwọn tí ń tún fóònù ṣe, àti àwọn tí ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ iṣẹ́ wọn sí. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní ìtòsí. Ọjà Alábà, tí a ti ń ta rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ oríṣiríṣi, kò sì jìnnà.

Iṣẹ́ tuntun kan ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ti àtẹ̀yìnwá wọ̀nyí, òun ni a sì fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí: iṣẹ́ ṣíṣe ìkànnì ayélujára. Ìkànnì ni àkójọ ojú ewé tí ènìyàn ń ṣí lórí fóònù tàbí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ń ṣe é ni ó ń pinnu ibi tí orúkọ ọjà yóò wà, bí lẹ́tà yóò ti tóbi tó, irú àwọ̀ tí a óò lò, àti ibi tí oníbàárà yóò fi ìka tẹ̀ kí ó tó lè rí ohun tí ó ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe é láìsí ìkànnì. Oníṣòwò Alábà tí ó fẹ́ kí ará Ìlọrin mọ iye tí òun ń ta fìríìjì, ìkànnì ni yóò bá a sọ ọ́. Bí iṣẹ́ náà kò bá dára, owó ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín, àkókò ni ó sì ń ṣòfò lọ́wọ́ ẹni tí ń lò ó.

Ọmọ tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ ní ọ̀gá. Ọ̀gá ni yóò na ìka sí ojú ibi tí ó rán wọ́, ọ̀gá ni yóò ní kí ó tú u kí ó tún un rán. Nígbà tí ọdún bá sì pé, àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ yóò péjọ láti bá a ṣe fíríìdọ̀mù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìkànnì kò ní irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, lábẹ́ iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n tú ohun tí ó wọ́. Fún ìdí èyí, àṣà tí wọ́n bá fi kọ́ra lójoojúmọ́ ni yóò ṣe ọ̀gá fún wọn, ẹni tí kò bá sì ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá kí ó má kúrò ní ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò sí. Ní 2023, Ìjọba Àpapọ̀ dá ètò tí a mọ̀ sí 3MTT sílẹ̀ láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé, títo ojú ewé lọ́nà tí yóò rọrùn fún ènìyàn láti lò sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tún pọ̀ lórí ayélujára fún ẹni tí ó bá ní dátà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀ ni ìwọ̀nyí, wọ́n a sì máa parí. Ohun tí ọmọ ẹ̀kọ́ yóò máa ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí olùkọ́ ti lọ, ni ọ̀rọ̀ wa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní ilẹ̀ Switzerland, ni ó gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1989. Ní 1991 ni ojú ewé àkọ́kọ́ di ohun tí ará ìta lè ṣí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ojú ewé àkọ́kọ́ náà kò ní àwòrán kankan; ọ̀rọ̀ lásán ni, pẹ̀lú àwọn ibi tí a lè tẹ̀ láti lọ sí ojú ewé mìíràn. A ṣì lè rí ẹ̀dà rẹ̀ títí di òní, bí a bá sì ṣí i lórí fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá, kíá ni yóò yọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa ìbá máa rántí èyí nígbà tí wọ́n bá ń kó àwòrán tí ń jó àti orin tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ sínú ìkànnì ẹni tí ń ta sìmẹ́ǹtì.

Ibi tí ojú ti ń kọ́ṣẹ́ kò jìnnà sí ẹni tí ń gbé ní Ìyànà Ìbà. Kí ó wo ọkọ̀ dáńfó Èkó, tí a kùn ní àwọ̀ ìyeyè tí a sì fa ìlà dúdú sí lára. Ọkọ̀ ń sáré, èrò ń ti ara wọn, oòrùn ń ràn. Síbẹ̀ ojú ń rí i láti òkèèrè, nítorí pé àwọ̀ méjèèjì jìnnà sí ara wọn. Àjọ W3C, tí ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún iṣẹ́ ìkànnì káàkiri ayé, sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ohun tí a kọ ọ́ lé kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1. Lẹ́tà dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè ré kọjá ìwọ̀n yìí fíìfíì. Lẹ́tà aláwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lórí funfun, tí àwọn ọmọṣẹ́ fẹ́ràn nítorí pé ó rí bí ti òkè òkun, kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sì mú un jáde sínú oòrùn ọ̀sán yóò rí i pé ojú ewé náà ti di òfìfo. Kí ọmọṣẹ́ ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ ohun kan sínú rẹ̀ lójúmọ́ tí ó fà á lójú: àkọlé ṣọ́ọ̀bù, páálí bísíkíìtì, ojú ewé ìwé orin ìsìn, ohunkóhun. Kí ó kọ ìdí tí ó fi fà á lójú. Ìdí yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ẹni tí ó kọ pé ohun kan dára láìsọ ohun tí ó mú un dára kò tíì kọ nǹkan kan.

Pẹ́ńsùlù ni kí ó máa kọ́kọ́ mú, kí ó tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ní ibi tí iná ti lè lọ kí ó má dé mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, pẹ́ńsùlù kò nílò jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí pàtàkì ni pé ohun tí a yà sórí ìwé kì í dun ni láti pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ti fi ọjọ́ méjì tò sórí kọ̀ǹpútà a máa lẹ̀ mọ́ ni lọ́kàn bí ó tilẹ̀ burú. Kí ó ya oríṣi mẹ́ta, kí ó fi wọ́n wé ara wọn, kí ó tó yan ọ̀kan. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe adìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn mọ èyí tipẹ́. Kí wọ́n tó ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ, wọ́n ti pín aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Nínú èyí tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó máa ń wà lára àwòrán rẹ̀, igun kọ̀ọ̀kan ní ohun tirẹ̀, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ní oṣù kẹta, 2017, ni àwọn bùráúsà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí gba ìlànà CSS Grid, èyí tí ń jẹ́ kí oníṣẹ́ pín ojú ewé ní irú ọ̀nà kan náà. Ohun tí a ń pè ní ọ̀làjú a máa pẹ́ kí ó tó dé ibi tí àwọn ìyá àgbà ti jókòó sí.

Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú di, tí àwa sì kà sí pàtàkì ju àwọn yòókù lọ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní àgbègbè yìí. Èyí ni kíkọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ Yorùbá bí ó ti yẹ. Ẹ wo orúkọ ìlú Ọ̀jọ́ fúnra rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ ní lẹ́tà mẹ́ta láìfi àmì sí i, ẹni tí ń kà á kò mọ̀ bóyá òjò tí ń rọ̀ ni, tàbí ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, tàbí Òjó tí a ń sọ ọmọ, tàbí ojo tí ń sá lójú ogun. Ti Ìbà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibà ni àìsàn, ìbà ni a ń jú fún àgbà, Ìbà sì ni ìlú. Bí olóògùn kan bá ní kí a ṣe ìkànnì fún òun, tí oníṣẹ́ sì kọ “Ile Oogun Iba” gàdàgbà sí òkè rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ bóyá ilé oògùn tí ó wà ní ìlú Ìbà ni, tàbí ibi tí a kì í ti í ta ohun mìíràn ju oògùn ibà lọ? Ẹni tí inú ń run ọmọ rẹ̀ lè kọjá lọ sí ibòmíràn nítorí àmì kékeré kan.

Ìmẹ́lẹ́ nìkan kọ́ ni ó ń mú àmì sọnù. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ìlànà tí a ń pè ní Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó ń fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà. Lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, “é” náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n “ẹ́”, tí ó ní àmì lókè tí ó sì tún ní nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a óò kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni àmì ohùn yóò tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà mìíràn, iṣẹ́ fọ́ǹtì sì ni láti gbé àmì náà ka orí lẹ́tà. Bí fọ́ǹtì tí oníṣẹ́ yàn kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, àmì yóò yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, tàbí kí àpótí òfìfo jáde dípò rẹ̀. Kí oníṣẹ́ má ṣe fi ọkàn sí fọ́ǹtì kankan nígbà tí kò tíì fi kọ gbólóhùn Yorùbá kan tí ó ní ẹ̀, ọ́, ṣ àti ǹ nínú, tí kò sì tíì wò ó lórí fóònù oríṣi mẹ́ta. Kí ó sọ ọ́ di bárakú láti kọ UTF-8 sí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé, kí ó sì fi lẹ́tà méjì yìí, yo, tí í ṣe àmì èdè Yorùbá, sọ fún bùráúsà pé Yorùbá ni ohun tí a kọ, kí ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún àwọn afọ́jú má bàa kà á bí Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó ń fa ìpalára. A lè kọ “Ọ̀jọ́” ní ọ̀nà méjì tí ojú ènìyàn kò lè fi ìyàtọ̀ sí, ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpútà kà sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹni kan lè tẹ “ọ” gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan. Ẹlòmíràn lè tẹ “o” lásán, kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Bí oníṣẹ́ kò bá ní kí ẹ̀rọ sọ wọ́n di ọ̀kan náà kí ó tó fi wọ́n pamọ́, oníbàárà yóò wá ọjà tí ó wà nílẹ̀, ìkànnì yóò sì dá a lóhùn pé kò sí. Kí ó tún jẹ́ kí ẹni tí ó tẹ “Ojo” láìsí àmì lè rí ohun tí a kọ pẹ̀lú àmì, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù wọn.

Àríyànjiyàn lórí bí a ti ń kọ Yorùbá kì í ṣe ti òní. Ní 1875, àwọn ìjọ Kristẹni ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ ní Èkó. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tún gbé e yẹ̀ wò. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò lónìí. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá ìkànnì YorubaName.com sílẹ̀ fún ìtumọ̀ àwọn orúkọ wa, tún pèsè kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Kò tún sí àwáwí fún ẹni tí ń gba owó iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá yà sọ́dọ̀ ìwúwo ojú ewé. Àwòrán kan tí a fi fóònù ìgbàlódé yà lè wúwo tó mẹ́gábáìtì 3 sí 5. Bí oníṣòwò bá kó irú rẹ̀ mẹ́wàá fún oníṣẹ́, tí ó sì gbé wọn sórí ìkànnì bí ó ti gbà wọ́n, oníbàárà yóò fi mẹ́gábáìtì 30 sí 50 ṣòfò kí ó tó rí iye owó bàtà kan. Àwọn àwòrán kan náà, bí a bá dín wọn kù sí ìwọ̀n tí ojú fóònù lè gbà, lè wà ní kílóbáìtì 150 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò sì ní pé mẹ́gábáìtì 2. Owó ni a fi ń ra dátà. Ẹni tí ó kó ẹrù tí kò yẹ sórí oníbàárà ń ná owó olówó, bí ẹni tí ó gbé àpótí rẹ̀ lé orí ẹlòmíràn láìbèèrè.

Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà nínú yàrá, kí ó mú fóònù tí kò wọ́n, kí ó lọ dúró sí Ìyànà Ìbà ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bo ilẹ̀ tí gbogbo fóònù sì ń du nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí ó ṣí ìkànnì rẹ̀ níbẹ̀. (Kí ó di fóònù náà mú dáadáa.) Bí ó bá ka ení títí dé mẹ́wàá tí nǹkan kan kò yọ, kí ó padà sílé lọ dín ẹrù kù. Láti 2010, nígbà tí Ethan Marcotte ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ àlàyé bí ojú ewé kan ti lè máa na ara rẹ̀ tàbí kí ó sún kì gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ti tóbi tó, kò tún sí ìdí láti ṣe iṣẹ́ tí ó dára lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Fóònù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó wà lọ́wọ́ àwọn tí yóò lò ó.

Nígbà tí iṣẹ́ bá tó nǹkan, ẹni tí yóò lò ó ni kí a gbé e fún. Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣàlàyé ní 2000 pé ènìyàn márùn-ún péré ti tó láti fi ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àṣìṣe ojú ewé hàn. Ìyẹn kò gba owó. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, pàápàá láàárín àwa Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ìkànnì fún ìyá kan tí ń ta ànkárá. Bí ó bá bi í pé, “Mà, ṣé ó dára?”, ìyá náà yóò wí pé, “Ó dára gan-an ni, ọmọ mi, Ọlọ́run yóò gbé ọ ga.” Àdúrà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbà, kò gba ìdáhùn. Ohun tí ó yẹ kí ó wí ni pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Mà, ẹ bá mi ra yáàdì mẹ́fà nínú aláwọ̀ aró lórí fóònù yìí,” kí ó sì pa ẹnu mọ́, kí ó máa wo ìka ìyá. Ibi tí ìka bá ti dúró ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Bí ìyá bá wí pé, “Ojú mi ni kò ríran dáadáa,” kí ó má gbà á gbọ́. Lẹ́tà rẹ̀ ni ó kéré. Ó nira láti dákẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ oníṣẹ́ a máa yún un láti tọ́ka síbi tí ó yẹ kí a tẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sí níbẹ̀ ní ọjọ́ tí àlejò bá ṣí ìkànnì náà ní Ìbàdàn.

Kí ó má sì dúró títí gbogbo nǹkan yóò fi pé kí ó tó gbé iṣẹ́ jáde. Ní 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ayọ̀dèjì Adéwùnmí, Ọpẹ́yẹmí Awóyẹmí àti Ọlálékan Olúdé, lo àkókò náà láti dá ìkànnì Jobberman sílẹ̀, èyí tí ń so àwọn tí ń wá iṣẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn tí ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀jọ́ náà mọ ohun tí à ń pè ní ìyanṣẹ́lódì. Wíwo bí ẹlòmíràn ti ṣe tirẹ̀ kò lòdì sófin. Gbogbo bùráúsà orí kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ́ kí a rí kóòdù ojú ewé tí a ṣí, kí ọmọṣẹ́ sì máa tún iṣẹ́ ọ̀gá ṣe láti fi kọ́ ọwọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí ó ta á fún oníbàárà bí ẹni pé tirẹ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ ìkànnì, níbi tí ìjà ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín oníṣẹ́ àti oníbàárà. Orúkọ tí ó parí sí .ng wà lábẹ́ àbójútó àjọ NiRA, ọdọọdún sì ni a sábà ń sanwó rẹ̀. Orúkọ oníbàárà gan-an ni kí a fi gbà á, kì í ṣe orúkọ oníṣẹ́, nítorí pé oníṣẹ́ lè kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì lè ṣàìsàn. Ní ọjọ́ tí ó bá ń fa iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ ìkànnì náà, ibi tí a ti gbà á, àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ yóò tán, sórí páálí kan ní lẹ́tà gàdàgbà, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i ni kò gbọdọ̀ sí lórí páálí náà. Inú ìwé ìṣirò tí oníbàárà ń tì mọ́ dúróà ni kí a kọ ìyẹn sí.